Kíkó Nǹkan Pamọ́ Sínú Ilẹ̀ Nítorí Ọjọ́ Ìpọ́njú

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ àgbà akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Òpópó Táíwò, Ìlọrin)

Láti àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti wà lórí ìdúró ní Táíwò yìí, síbẹ̀ ẹ gbé ìwé yín wá ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn baba wa ṣe é ní ayé ogun, àwọn kan ṣì ń ṣe é lónìí láìjẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Òun ni pé kí a kó oúnjẹ, irúgbìn, ìwé tàbí owó sínú ohun èlò kan, kí a gbẹ́ ilẹ̀, kí a bò ó mọ́lẹ̀, kí a lè rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ tí ilé bá jó tàbí tí ìlú bá dàrú.

Ẹ má ṣe wí pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ní ọdún 2012, Odò Ọya kún àkúnya. Ó lé ní 300 ènìyàn tí àkúnya omi pa ní Nàìjíríà lọ́dún náà, omi sì gba ilé àti oko lọ́wọ́ àwọn ará etídò ní Pàtígì àti Edu ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Ní ọdún 2022, àkúnya ńlá tún dé. Àwọn mìíràn kò rí omi rárá: àwọn ajínigbé ló lé wọn kúrò lábúlé. Ẹni tó ń sá kì í gbé abà dání. Ọmọ ni yóò pọ̀n, ọwọ́ arúgbó ni yóò fà. Nígbà tí ó bá padà dé, ó lè bá ilẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn wo ni yóò gbìn? Bí ẹlòmíràn bá sì wí pé òun ló ni ilẹ̀ náà, ìwé wo ni yóò fi hàn?

Ilẹ̀ lè tọ́jú nǹkan pẹ́, bí omi kò bá dé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, ní ìlú Íjíbítì, nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Nag Hammadi, àwọn àgbẹ̀ kan ń wa erùpẹ̀ ọlọ́ràá tí wọn yóò fi ṣe ajílẹ̀. Ọkọ́ wọn kan ìkòkò amọ̀ ńlá kan tí a dí lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ, ìwé ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ìwé aláwọ tí a fi ọwọ́ kọ. Ó ti tó bí ọdún 1,600 tí ẹnì kan ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà wọ́n títí di òní.

Ẹ̀yin yóò wí pé, ṣé kí àwa náà ra ìkòkò? Ó tì o. Ìlú tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ ni ibẹ̀. Ní Ìlọrin níhìn-ín, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, òjò ni. Ìkòkò amọ̀ a máa mu omi, ẹ̀yin ìyá ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀: nítorí rẹ̀ ni omi àmù fi ń tutù. Ohun tó mú omi àmù tutù yìí náà ni yóò ba ìwé jẹ́.

Ṣùgbọ́n omi tó wà lóde kọ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Omi tí a fi ọwọ́ ara wa dé mọ́ inú ni. Àgbàdo tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, bí a bá dé e pa, ooru yóò mú un, yóò bu, ewú funfun tàbí aláwọ̀ ewé yóò hù sí i lára. Ẹ má jẹ irú rẹ̀, ẹ má sì fi fún adìẹ. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, sísè kò sì lè pa á.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó gbẹ? Àwọn àgbà a máa fi eyín gé e: bí ó bá dún pá, ó gbẹ. Èyí dára, ṣùgbọ́n ti oníyọ̀ dájú jù ú lọ. Ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ lórí iná títí yóò fi gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ mú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ bu àgbàdo tàbí ẹ̀wà sí i, kó má ju ìdajì lọ, ẹ da ṣíbí iyọ̀ méjì sí i. Ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú ọkà náà, ẹ dá a padà sí oòrùn. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa yóò tún sá a fún ọjọ́ méjì sí i. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù láti di ẹrù yìí, nítorí afẹ́fẹ́ pàápàá gbẹ nígbà náà.

Ẹ kún ohun èlò náà dé ẹnu, kí àyè má ṣẹ́kù. Kòkòrò ẹ̀wà ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń mí. Bí ó bá mí afẹ́fẹ́ tí a dé mọ́ ọn tán, ó kú nìyẹn, láìlo oògùn kankan. Ọgbọ́n yìí ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù fi ṣe àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun kan lóde, tí àwọn àgbẹ̀ ń lò káàkiri Áfíríkà báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i, ẹ kò ní láti rìn jìnnà. Ní Ìlọrin wa yìí, ní ọ̀nà Asa Dam, ni olú ilé-iṣẹ́ ìjọba wà tó ń ṣe ìwádìí bí a ṣe ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn. Láti ọdún 1948 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà. NSPRI ni lẹ́tà orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ lẹ́tà báyìí, ẹ lè kà á fúnra yín.

Ohun èlò wá ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu gbòòrò tó ní ìdérí oníyíyí ló dára, tàbí rọ́bà ọ̀dà tó ní ìdérí líle, tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, bó bá jẹ́ ìwé ni a fẹ́ kó sí i. Ti oúnjẹ, ẹ ra èyí tí òróró jíjẹ wà nínú rẹ̀ rí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa. Èyí tí wọ́n fi gbé oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà, bí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ má kó oúnjẹ sí i.

Kí ẹ tó kó nǹkan sí i, ẹ dán an wò. Ẹ fi bébà gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì sínú agbada omi, ẹ gbé òkúta lé e lórí di ọjọ́ kejì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ bùkù-bùkù, tàbí tí bébà bá tutù, ohun èlò náà ti jẹ́wọ́ fún yín. Bí ó bá yege, ẹ nu ún gbẹ, ẹ di ẹrù yín sínú ọ̀rá lọ́nà méjì, ẹ dé e, ẹ yọ́ ìda àbẹ́là sí etí ìdérí rẹ̀ yí ká, ẹ sì fi awẹ́ tíúbù mọ́tò dì í.

Ní ti ibi tí a ó gbẹ́, orúkọ àdúgbò wa ti kọ́ wa. Táíwò Òkè wà, Táíwò Ìsàlẹ̀ wà, gbogbo wa la sì mọ ibi tí omi òjò ń ṣàn lọ. Òkè ni kí ẹ wá. Ẹ má gbẹ́ ẹ sí bèbè odò, tàbí ẹ̀gbẹ́ ṣaláńgá, tàbí inú poro oko tí ọkọ́ yóò ti kàn án. Ẹ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ihò, kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀rù ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ń bà wá ju ti olè lọ. Kẹ́ẹ̀gì tí kò wúwo, bí ilẹ̀ bá kún fún omi, yóò léfòó, yóò ti erùpẹ̀ sókè bí ìgbà tí iṣu bá ń ta. Nítorí náà, òkúta pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi bò ó kí ẹ tó da erùpẹ̀ padà. Ikán náà wà níbẹ̀. Àwa tí a ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, a ti rí ìwé-ẹ̀rí tí ikán jẹ títí ó fi dà bí asẹ́. Ẹ má fi àpótí pákó sínú ilẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹ bò ó níwọ̀nba, ìwọ̀n tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹbí. Ilẹ̀ lè pa bébà owó mọ́, kò lè pa agbára rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn. Ní ọdún 1984, ìjọba yí àwọ̀ owó padà, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì fún aráyé láti pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2022, ó tún kan 200, 500 àti 1,000 náírà. Gbogbo wa la rántí ìlà tí a tò ní báńkì, kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó wí ní 3 oṣù Kẹta 2023 pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó. Ẹni tí ti rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ lóko jíjìn, tí kò tètè gbọ́, ẹ wo bí yóò ti rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alhaja kan láàárín yín bi wá pé, “Tíṣà, ta ni kí n sọ fún? Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ, wọn á hú u. Bí n kò bá sọ fún ẹnì kankan, mo lè kú.” Alhaja, ẹ ṣeun, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Mélòó nínú yín ni kò mọ ilé tí bàbá ti kú, tí àwọn ọmọ gbẹ́ gbogbo iyàrá, tí wọ́n ń fura sí ara wọn títí di òní? Ohun tí a kò rí, a kò lè fi san gbèsè òkú, a kò sì lè pín in fún àwọn tó ni ogún. Nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, ẹnu nìkan ni ẹ ní láti fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ń tètè jáde. Báyìí ẹ lè kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fún ẹni méjì tí wọn kì í gbé ilé kan náà. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí yíǹkì a máa ṣàn bí omi bá kàn án. Ẹ má fi igi ṣe àmì, nítorí a lè gé igi. Kànga, àpáta tàbí igun ilé ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀kan ṣe lè rí. Ẹ kọ tiyín sí ojú ìwé tó kàn, ẹ ṣí i padà, kí ẹlòmíràn sì gbìyànjú láti kà á:

“Kẹ́ẹ̀gì kan. Láti ẹnu kànga oko wa, ìṣísẹ̀ 12 sí ìhà ìlà-oòrùn, lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ. Ó jìn tó apá kan. Irúgbìn àgbàdo wà nínú rẹ̀, ẹ̀wà, ìṣáná, ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, àti owó díẹ̀. Mo bò ó ní oṣù Kìíní. Bí n kò bá sí, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ hú u.”