Ọwọ́ Wa Ni Ẹjọ́ Náà Ti Ń Kú Kí Ó Tó Dé Kóòtù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ fífi ipá bá obìnrin lò pọ̀ ni. Àwọn kan ń bi wá pé, èéṣe tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fi ń lọ láìjìyà? Ìdáhùn wa ni pé púpọ̀ nínú ẹjọ́ wọ̀nyí ti kú kí adájọ́ tó fi ojú kàn wọ́n. Ọwọ́ àwa ará ilé, ará gáréèjì àti ará ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń kú sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan tó ń gbálẹ̀ wá sọ fún wa pé fóómàn fi ipá bá òun lò pọ̀ nínú sítọ́ò lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Kí ni a ṣe? A ní kí ó lọ wẹ̀, kí ó sinmi. A pe àwọn àgbà jọ. Fóómàn dọ̀bálẹ̀, ó san owó, a kọ ìwé, a fọwọ́ sí i, a ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyá ọmọ náà ní òun kò gbà, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan mọ́. Aṣọ ti di fífọ̀. Lọ́yà fóómàn gbé ìwé tí àwa fúnra wa kọ jáde, ó ní, "Bí ó bá jẹ́ ìfipá ni, ṣé àwọn àgbà wọ̀nyí yóò gba owó?" Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó gbọ́ igbe ọmọ náà jẹ́ awakọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lọ sí kóòtù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ní ìgbà kẹrin kò lọ mọ́, nítorí ọjọ́ tí kò bá wa ọkọ̀, kò sí owó oúnjẹ. Bí ẹjọ́ náà ṣe parí nìyẹn. Ọmọ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, fóómàn wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe adájọ́ ló tú u sílẹ̀, àwa ni.

Ẹ wo ohun tí òfin ń béèrè. Agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn láìsí iyèméjì pé ìbálòpọ̀ wáyé, pé obìnrin náà kò gbà, àti pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn gan-an ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ẹni méjì péré ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ó le bẹ́ẹ̀, nítorí ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí yóò fẹ́ kí wọ́n sọ òun sẹ́wọ̀n nítorí àhesọ.

Òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ le ju èyí lọ. Bí ẹnìkan bá ba ọmọbìnrin tí kò tó ọdún 13 jẹ́, oṣù 2 péré ni ìjọba ní láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo kò sì tó. Òfin ti ń sàn sí i. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò jẹ́ kí lọ́yà máa bi obìnrin léèrè nípa ọkùnrin mìíràn tí ó ti bá lò rí, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda. Ìpínlẹ̀ Èkìtì tiwa ṣe òfin lòdì sí irú ìwà ipá yìí ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Síbẹ̀, bí ọmọ tí kò tó ọdún 14 bá jẹ́rìí láìbúra, ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ ti tirẹ̀ lẹ́yìn. Bí a bá ti fọ aṣọ, tí a sì lé ẹlẹ́rìí sá, níbo ni ẹ̀rí náà yóò ti wá?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá sọ pé ọ̀ràn ìfipábánilòpọ̀ 717 ni wọ́n fi tó àwọn létí ní Nàìjíríà láàárín oṣù 5 àkọ́kọ́ ọdún náà. Èyí tó dé etí ọlọ́pàá nìyẹn. Gbogbo wa mọ̀ pé èyí tí a bò mọ́lẹ̀ pọ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2022, Olúwabámiṣé Àyánwọlé, ọmọ ọdún 22 tó ń ránṣọ, wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Èkó. Ara fu ú nínú ọkọ̀ náà, ó fi fóònù fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò délé mọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, obìnrin mìíràn jẹ́rìí pé awakọ̀ kan náà ti fi ipá bá òun lò pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Oṣù mẹ́ta ṣáájú nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, adájọ́ dá awakọ̀ náà lẹ́bi ìpànìyàn, ó ní kí wọ́n yẹgi fún un. A kò bá obìnrin àkọ́kọ́ wí. Àwa ni kí a bi ara wa: bí obìnrin bá wá sọ irú rẹ̀ ní gáréèjì wa, ṣé a ó gbà á gbọ́, àbí a ó bi í pé kí ló ń wá nínú ọkọ̀ lálẹ́? Láti ìgbà tí yunifásítì ti dé Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ọmọ ọlọ́mọ ló ń kún ọkọ̀ wa.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ̀ka wa fọwọ́ sí nìyí.

Èkíní, kí a má ṣe parí ọ̀rọ̀ yìí nílé mọ́. Òfin ka gbígba owó láti bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀.

Èkejì, kí obìnrin náà má tíì wẹ̀, kí ó má sì fọ aṣọ. Inú àpò bébà ni kí a kó aṣọ náà sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń mú un rin, ẹ̀rí a sì bàjẹ́. Kí awakọ̀ tó bá sún mọ́ gbé e láìgba owó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba níbí, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, tàbí Moremi Clinic ní Adó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú ọ̀ràn yìí. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bí ó bá ti wẹ̀ pàápàá, kí ó lọ.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí àpò ẹ̀ka san owó ọjọ́ tó lò ní kóòtù, iye ìgbà yòówù tí wọ́n bá sún ẹjọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kan ọmọ ẹgbẹ́ wa, ó ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà, a kò sì ní dá a lẹ́bi kí kóòtù tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ ìyá ọmọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, orí ọmọ náà sì wọ́. Ìwé tí a kọ nígbà náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. A tún un kà kí a tó wá síbí. Ènìyàn mẹ́fà ló fọwọ́ sí i, tiwa ló ṣíwájú. A kò fẹ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀ mọ́ láyé.

 Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lọ́nà.