Nígbà tí Iná Mànàmáná Bá Gba Inú Omi Kọjá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá bẹ̀rẹ̀ láti Grand Marché, ọjà ńlá tó wà láàárín ìlú Niamey ní ilẹ̀ Niger. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò ní ìlú náà. Iná jó ọjà yìí ní 1982, wọ́n sì tún un kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí iná mànàmáná ìlú náà ti ń wá. Odò Ọya ń ṣàn gba Niamey kọjá kí ó tó dé Kainji lọ́dọ̀ wa. Ní Kainji, omi náà ń yí ẹ̀rọ, ó sì ń di iná. Láti 1976 ni wáyà ńlá sì ti ń gbé iná ilẹ̀ wa láti Birnin Kebbi padà lọ sí Niamey. (Nàìjíríà gé e ní 2023 nígbà tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà ní 2024.) Agbára rẹ̀ nínú ìsọ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé wa: nǹkan bíi volt 220. Ohun tó lè pa ọlọ́dẹ ọjà ní Niamey lè pa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Èédú ni àwọn ará Niamey sábà máa ń fi se tíì wọn. Ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́, níbẹ̀ àti níbí, ẹni tó sùn sí ìdí iṣẹ́ a máa wá omi gbígbóná láàárọ̀ kùtùkùtù. Bí kò bá ní kẹ́tùrù, a so irin méjì mọ́ wáyà méjì, a jù wọ́n sínú korobá, a sì ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe irin ni ó ń gbóná. Omi fúnra rẹ̀ ti di wáyà. Iyọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú omi ni iná ń bá rìn. Omi ń dènà rẹ̀ díẹ̀, ìdènà náà ni ó ń di ooru. Bí omi bá ti ń gbóná sí i ni iná tó ń gbà á kọjá ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wá bu iyọ̀ sí i kí ó lè tètè hó, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ lè yọ́, kí ìsọ̀ sì gbiná.

Kò tilẹ̀ dín owó iná kù. Lítà omi mẹ́wàá tí a fẹ́ gbé láti 25 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò gba watt 1,000 fún ìṣẹ́jú 14, ohun yòówù kí a fi sè é.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́kàn lé fíúsì. Fíúsì áḿpíà 13 kì í mọ̀ pé ènìyàn ń kú lọ, nítorí pé ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá áḿpíà kan ṣoṣo tó láti da ọkàn ènìyàn rú. Ohun tó lè gbà wá ni ẹ̀rọ agéná tó máa ń já bí ìdá 30 nínú 1,000 áḿpíà bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Irin róbótó tí a ń rà ní ọjà láti fi se omi sàn díẹ̀, torí pé iná wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèpo rẹ̀ bá là, ọ̀kan náà ni òun àti irin méjì yẹn.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Norway àti Sweden ń fi iná gba inú omi kọjá, ṣùgbọ́n inú àgbá irin tí a sé pa, tí a so mọ́ ilẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣe é. Korobá kọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú agbanisíṣẹ́, ẹ béèrè kẹ́tùrù tó péye, wáyà ilẹ̀ àti ẹ̀rọ agéná fún yàrá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Iye wọn kò tó owó ìsìnkú. Kí ó tó dé, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ omi. Bí iná bá sì ti mú ẹnìkan, ẹ má ṣe dì í mú: ẹ pa iná láti orísun rẹ̀, tàbí kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò, kí ẹ tó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.