Owó Òru: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìmúrasílẹ̀ fún Pàjáwìrì Nínú Ilé Wa

Inú ìlú Ọmọ N'Ọba ni a ti ń jẹ, tí a ti ń mu.

Àwa ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni a yàn láti bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ìfilọ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pé ní irú ọjọ́ báyìí, owó ńlá ni etí ń fẹ́ gbọ́. Owó kékeré ni tiwa. Owó tí ènìyàn fi ń dá ẹ̀mí dúró ní aago méjì òru ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Gìrì mú ọmọ rẹ̀ lóru. Ọkọ ti lọ síbi òkú ní Ọ̀wọ̀, ìyàwó nìkan ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, ní apá Sakponba. Kì í ṣe pé wọn kò lówó o. Owó wà ní báńkì. Ṣùgbọ́n iná kò tíì dé láti ìrọ̀lẹ́, fóònù ti kú, káàdì báńkì sì wà lápò ọkọ ní Ọ̀wọ̀. Awakọ̀ tó rí lójú pópó ní kó kọ́kọ́ fi owó han òun. Obìnrin kan, ọmọ Ẹ̀dó, tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ló jí sí igbe rẹ̀, tó tú ìdí aṣọ, tó sì kó owó ẹ̀wà ọjọ́ kejì lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní owó òru nínú ìgbìmọ̀ wa.

Kí á tó kúrò lórí gìrì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣíbí há ọmọ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Ọmọ tí àgbo yẹn pa ní ilẹ̀ Yorùbá kò kéré. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ni owó òru? Kì í ṣe owó báńkì, kì í ṣe owó àjọ, kì í sì í ṣe owó èsúsú. Owó bébà kéékèèké ni, tó wà nínú ilé, tí ẹni tó bá ṣẹ́kù sílé mọ ibi tó wà, tí a kì í fi ra ata. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí wa: owó tí ìyá ilé kò mọ ibi tí ẹ fi sí, owó ọtí ni, kì í ṣe owó òru. Èló ni kó jẹ́? A kò lè dá iye kan fún gbogbo ilé. Ẹni tó ń gbé ní Ugbowo lẹ́bàá ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì kò ní bá ẹni tó wà lẹ́yìn Òkè Ikpoba dọ́gba. Ẹ béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà láti ilé yín dé ilé ìwòsàn lóru, nítorí owó òru yàtọ̀ sí owó ọ̀sán. Ẹ fi ti àbọ̀ kún un, ẹ fi owó káàdì àti ti oògùn àkọ́kọ́ kún un. Iye yẹn ni.

Àwọn ọmọ wa ń sọ pé ayé ti di ayé fóònù, ta ló tún ń fi owó pamọ́ sílé? A kò bá wọn jiyàn púpọ̀. A kàn ń rán wọn létí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí á má ná igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ mọ́, tí owó tuntun kò sì tó. Àwọn tó lówó ní báńkì ń tò láti òwúrọ̀ di alẹ́ níwájú ẹ̀rọ ìgbowó. Ní ìlú Benin níhìn-ín, inú bí àwọn ènìyàn débi pé wọ́n tú sí ìgboro. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún yẹn ni Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá wa sílẹ̀, tó ní kí á máa ná owó àtijọ́ lọ títí di òpin ọdún. Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín rántí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun pa àwọ̀ owó dà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí gbogbo owó òru yín jẹ́ bébà ńlá. Ọgọ́rùn-ún náírà kò bá ìyípadà 2023 lọ.

Báwo ni aláìní yóò ṣe rí i kó jọ? Àjọ àti èsúsú ni ọ̀nà tí àwọn baba wa là. Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, kọ̀wé lórí èsúsú Yorùbá ní ọdún 1952. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀ tí a kì í sọ. Tí o bá jẹ́ ẹni kẹwàá nínú èsúsú, àìsàn kò ní dúró de oṣù kẹwàá. Alájọ pẹ̀lú, tó ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ń sùn lóru. Ohun tí a ń ṣe nínú ìgbìmọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí a bá gba àjọ, kí á tó débi aṣọ, kí á tó débi gbèsè oníṣòwò, a ó yọ díẹ̀ sínú agolo. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ló gba àwọn kan nínú wa kó tó pé. Bí a bá ná an, gbèsè àkọ́kọ́ tí a ó san nìyẹn.

Ohun tó tún yẹ kó wà nílé kò gba owó púpọ̀. Tọ́ọ̀ṣì kan tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti inú fóònù. Kẹ́ẹ̀gì omi mímu tó ní ìdérí. Bébà kan tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, tí a fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà ẹbí àti ti aládùúgbò sí, nítorí bí fóònù bá kú, ta ló mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí mọ́? 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí oríṣi ẹ̀jẹ̀ àti jínótáìpù olúkúlùkù wà lórí bébà kan náà. Ẹ di ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti ti ilé-ìwé sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sókè. Ẹ mọ bí òjò ìlú yìí ṣe rí. Yàrà tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ yí ìlú ká, ènìyàn ti dí i níbi púpọ̀, wọ́n ti kọ́lé lé e, omi kò sì mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Ọ̀gbun tí ọ̀gbàrá gbẹ́ ní Queen Ede kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí kò sì sí ORS nílé, ọ̀rá piọ́wọ́tà oní-50cl méjì jẹ́ lítà kan. Ẹ dà á sínú abọ́ mímọ́, ẹ fi ṣúgà ṣíbí mẹ́fà sí i, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, tí a gbá ojú rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ sì fi iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kan náà sí i. Kí iyọ̀ má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ o. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má sì já a lẹ́nu ọmú. Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò lè mu mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ó di ilé ìwòsàn, ó di owó òru.

Ọ̀ràn iná ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ní ọdún 2001, kẹrosíìnì àbùlà jó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó. Ní ọdún 2004, ó dé ìpínlẹ̀ Edo yìí. Àwọn tó tan sítóòfù láti se oúnjẹ alẹ́ kò mọ̀ pé pẹtiróòlù wà nínú ohun tí wọ́n rà. Kẹrosíìnì gidi gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 Sẹ́síọ́ọ̀sì kí ooru rẹ̀ tó lè gbaná. Ti pẹtiróòlù a máa gbaná kódà nínú òtútù tó ju ti fìríìsà lọ. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ń sọ àtùpà di bọ́ǹbù. Ẹ ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ má bu epo sí sítóòfù tó ń jó. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ra pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, kí ó má kan kẹrosíìnì láéláé, kí ó má sì wọ ilé ìdáná. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ìta ni ibùgbé rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn ikú, ṣùgbọ́n ó ti pa odidi ìdílé lójú oorun. Àwọn tó ń lo gáàsì, kí sílíńdà wà níta, kí ẹ fi ọṣẹ híhó dán rọ́bà rẹ̀ wò. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má pa á, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ jáde.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àtijọ́ kan tí iyanrìn kún inú rẹ̀, owó rẹ̀ kò ju òógùn lọ. Bí epo bá gbaná nínú ìkòkò, ẹ dé e lórí, ẹ má bu omi sí i. Ẹni tí iná bá sì jó, omi tútù tó ń ṣàn ni fún ogún ìṣẹ́jú. Epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì nira fún wa láti sọ. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ wa ń ra màlúù, a ń dá aṣọ, a ń gba bọ́ọ̀sì dé Àkúrẹ́, dé Adó-Èkìtì. Ó dára. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa kan kọ̀wé sí àwa ìgbìmọ̀ yìí pé òun ń wá owó iṣẹ́ abẹ. Ìlànà wa ni pé ìpàdé Àìkú ìkẹyìn oṣù ni a ti ń ka ìwé. Ọjọ́ tí a jókòó láti ka á, ètò ìsìnkú rẹ̀ ni a ṣe. Màlúù rẹ̀ tóbi. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ sí òfin ẹgbẹ́, àwa tí a sì jókòó níbẹ̀ kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ẹbí wa jìnnà. Kí ẹ̀gbọ́n ẹni tó dé láti Ìbàdàn, ilẹ̀ ti mọ́. Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé nínú owó tí a ó rí lónìí, kí a yọ apá kan ṣe owó òru ẹgbẹ́. Kí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta ní Ugbowo, mẹ́ta ní Òkè Ikpoba, mẹ́ta ní ọ̀nà Sapele. Kí ẹni méjì nínú mẹ́ta lè fún ọmọ ẹgbẹ́ lówó ní wákàtí kan náà láìdúró de ìpàdé. Kí a san án padà láàárín oṣù mẹ́ta láìsí èlé. Ẹ̀rù olè ń bà wá, a kò purọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé yóò fi wà, tí a ó sì máa kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo yín.

Ohun kan wà tí a kò fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan nínú wa ní kí owó náà wà fún ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. Àwọn mìíràn ń béèrè pé bí ọmọ ìyá alákàrà ọjọ́sí bá ń ṣàìsàn lóru, kí ni a ó sọ fún un? A fi èyí sílẹ̀ fún gbogbo ilé láti dá.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Orúkọ, àdúgbò, oríṣi ẹ̀jẹ̀, àti nọ́ńbà aládùúgbò kan. Ẹni tí kò bá mọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. A ó béèrè rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.