Bí A Ṣe Ń Ka Iye Láì Tú Àṣírí

Ní 1961, Dókítà Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Aro àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà ṣèwádìí àìsàn ọpọlọ ní àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta wa ká. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ta ni yóò jẹ́wọ́ fún àlejò pé orí òun ti dàrú rí? Ará ilé pàápàá, a kì í sọ fún un tán!

Ní 1965, Stanley Warner gbé ọgbọ́n kan jáde fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹ̀yà rẹ̀ tó rọrùn: kí ẹ tó dáhùn, ẹ ju owó onírin sókè níkọ̀kọ̀. Bó bá jẹ́ orí ló hàn, ẹ ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ì báà ṣe irọ́. Bó bá jẹ́ ìdí, ẹ sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn mú yín.

Ká ní a bi 1,000 ènìyàn, tí 620 ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Nǹkan bí 500, owó ló sọ ọ́. Ó ku 120 nínú 500 tó sọ òótọ́: 24 nínú 100. A mọ iye, a ò mọ ẹni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kéré, ìṣirò náà lè ṣìnà o.

Irú ọgbọ́n yìí ni Amẹ́ríkà fi bo àṣírí nínú èsì ìkànìyàn 2020. Ní Nàìjíríà níbí, òfin ààbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ààbò pàtàkì. Bí àwọn olùwádìí bá wá bi yín ní ìbéèrè, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ibo lẹ ń gbé orúkọ mi lọ?