Kíkọ́ Chess Lára Àwọn Ọ̀ta

Ọ̀nà kan tó dájú láti mọ chess ta ni kí ènìyàn máa yẹ eré àwọn ọ̀ta àgbáyé, àwọn grandmaster, wò fínnífínní. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ìta sílẹ̀, nítorí náà ọmọ tó wà ní Owena lè tẹ́ ọpọ́n, kí ó sì tún eré àtijọ́ ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa lo eré tí Paul Morphy, ará Amẹ́ríkà, ta ní Paris ní 1858. Ìta 17 péré ló fi borí. Ó tètè kó àwọn ọmọ orí ọpọ́n rẹ̀ jáde nígbà tí ti àwọn alátakò rẹ̀ ṣì jókòó sílé; níkẹyìn, ó fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n jẹ ẹ́, ó sì há ọba wọn mọ́.

Wíwò lásán kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ a bo ìta tó kàn mọ́lẹ̀, a ronú èyí tí òun ìbá ta, a sì fi í wé ti ọ̀ta. Ibi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpè ṣe ń di ọ̀ta nídìí ayò.

Ibikíbi ni ènìyàn ti lè bẹ̀rẹ̀: ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ni Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta chess, ti kọ́kọ́ rí eré náà. Ní 2018 ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní chess. Ní oṣù kẹrin 2024, ó ta chess fún wákàtí 60 ní New York.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ọpọ́n kan fún ọmọ, kí ó máa tún eré ọ̀ta kan ta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.