Ọ̀RỌ̀ ADMIN: Ẹ RỌRA PE OWÓ NÍNÚ VOICE NOTE

  

Ọ̀rọ̀ òní ò gùn. Ó kan eré tá a fi ń sọ̀rọ̀ tá a bá ń ránṣẹ́ ọjà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo.

Ẹ wò ó, èdè wa yìí, ohùn ló fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Owó yàtọ̀ sí òwò. Téèyàn bá wá ń sáré, ohùn òkè ò ní ráyè gòkè dáadáa, tìsàlẹ̀ ò ní ráyè wálẹ̀, fáwẹ̀lì á kúrú, òmíràn á pòórá. "Mo ra epo" á di "mo repo". "Mo rí epo" á di "mo répo". Ohùn kékeré yẹn nìkan ló kù. Tónítọ̀hún bá ṣì í gbọ́, á ti máa retí ẹrù, ìwọ sì kàn rí epo lọ́jà ni!

Ti owó ló le jù. Ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún. Ẹ sáré pè é wò: ìbẹ̀rẹ̀ wọn, ọ̀kan náà ni. Ìparí ló yà wọ́n, ibẹ̀ gan-an la sì máa ń gbé mì. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ₦20,000 ló wà láàárín wọn. Ta ló máa san án?

Ẹ má sọ pé ẹ ó pariwo bò ó. Ní 1911, dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, kọ ọ́ pé tí ariwo bá wà létí èèyàn, á gbóhùn sókè láìmọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣe é fún wa lójoojúmọ́. Àmọ́ ohùn tó ga ò dá ìparí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé mì padà.

Ẹ wo onídùndún. Ìlù ò ní fáwẹ̀lì, ohùn nìkan ló ní. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé odindi gbólóhùn ló máa ń lù kó tó yéni, kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀. Ẹ dárúkọ ọjà, ẹ mí, kẹ́ ẹ tó pe owó. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì tẹ fígọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ náà, látìgbà tí WhatsApp ti gbé eré ìlọ́po méjì dé ní 2021 lẹ ti ń fi sáré gbọ́ gbogbo nǹkan. Tó bá ti kan owó, ẹ dá a padà sí 1.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.