Mímọ Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀, Mímọ Bí A Ti Í Kọ́ni Níṣẹ́ Ọ̀tọ̀



Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, pàápàá àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ irin. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wa tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Bí ìwọ kò bá jẹ́ ọ̀gá, bóyá òbí ni ọ́ tí ó fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Bí o kò bá sì jẹ́ òbí, ìwọ a máa wọ ọkọ̀ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti tún bíréèkì rẹ̀ ṣe. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí a kò dì le lè sọ ilé púpọ̀ di ilé ọ̀fọ̀.

Nígbà tí ọmọ bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sì mọ̀ ọ́n, ọmọ náà ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. A ó ní olórí kunkun ni. A ó ní ọ̀lẹ ni. Nígbà mìíràn òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: mímọ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, mímọ bí a ti í kọ́ ẹlòmíràn ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó mọ èkíní dájú lè má mọ èkejì rárá.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ti ṣe iṣẹ́ fún ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ́n ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá ń dún, ó ti mọ ohun tí ń ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ń kọ́ ọmọ, ohun tí ó ṣòro jù fún ọmọ náà gan-an ni òun kì í ràntí láti sọ, nítorí tí kò ṣòro fún òun fúnra rẹ̀ mọ́.

Ọ̀ràn yìí dojú kọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1940, nígbà tí ogun ń jà ní Yúróòpù, tí àwọn ilé iṣẹ́ wọn sì ní láti ṣe ọkọ̀ òfuurufú àti ohun ìjà lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kò tó, àwọn tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí sì ń wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Training Within Industry. Àwọn ọ̀gá àti olórí òṣìṣẹ́ ni ẹ̀ka yìí pè jọ, nǹkan bí ènìyàn 10 lẹ́ẹ̀kan, fún wákàtí 10 péré, láti kọ́ wọn bí a ti í kọ́ni. Charles Allen ni ó ti la ọ̀nà náà sílẹ̀ ṣáájú, láàárín àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun àgbáyé kìíní, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1919. Kí ẹ̀ka náà tó parí iṣẹ́ ní 1945, àwọn tí ó gba ìwé ẹ̀rí nínú onírúurú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti lé ní 1,600,000.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀nà náà ní.

Èkíní, múra ọmọ sílẹ̀. Fi í lọ́kàn balẹ̀, bi í léèrè ohun tí ó ti mọ̀, kí o sì sọ ìwúlò iṣẹ́ náà fún un. Má ṣe jẹ́ kí ó dojú kọ ọ́, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ yóò dà bí òsì lójú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni kí ó dúró.

Èkejì, fi iṣẹ́ hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ lu ihò sí irin, má ṣe wí pé, "Ṣọ́ra," kí o sì dákẹ́. Sọ fún un pé kí ó de irin náà mọ́lẹ̀ pinpin, nítorí bí ẹnu ẹ̀rọ bá fẹ́ yọ sí òdì kejì, ó lè gbá irin náà mú kí ó sì máa fi í yí bí abẹ. Sọ fún un pé kí ó má wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ẹ̀rọ tí ń yí lè gbá aṣọ mú, kí ó sì fa ọwọ́ tẹ̀lé e. Ọmọ tí ó mọ ìdí yóò pa òfin mọ́ nígbà tí ọ̀gá kò sí nílé.

Ẹ̀kẹta, jẹ́ kí òun náà ṣe é lójú rẹ. Bí ó bá ṣì í, tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀, kí àṣìṣe má baà di àṣà. Lẹ́yìn náà kí ó tún un ṣe, kí ó sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ìṣísẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa Yorùbá jùlọ. Bí o bá bi ọmọ wa pé, "Ó yé ọ?" yóò wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀wọ̀ ni ó fi dá ọ lóhùn, kò tíì fi hàn pé ó yé òun.

Ẹ̀kẹrin, fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Sọ ẹni tí yóò máa bi léèrè fún un, nítorí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Máa bẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kí o sì máa dín in kù bí ó ti ń mọ̀ ọ́n sí i.

Àwọn ará Jámánì fi òfin gbé ọ̀rọ̀ yìí ró. Níbẹ̀, ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá a máa lo ọdún mẹ́ta àbọ̀, ní ilé iṣẹ́ àti ní ilé ẹ̀kọ́. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ní ìlànà pé kí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ilé iṣẹ́ fi hàn pé òun mọ ìkọ́ni. Ní 2003 wọ́n dá a dúró, kí ilé iṣẹ́ púpọ̀ sí i lè gba ọmọ. Ní 2009 wọ́n dá a padà.

Ẹnìkan lè wí pé, "Wíwò ni èmi fi kọ́ iṣẹ́ tèmi, pẹ̀lú ìgbátí, mo sì mọ̀ ọ́n." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ó yege ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn tí ìka wọn gé, kò sí níhìn-ín láti jẹ́rìí. Ẹlòmíràn a máa fi kókó iṣẹ́ pamọ́, kí ọmọ má baà gba oníbàárà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin ará, òbí ọmọ san owó, ọmọ sì fi ọdún ayé rẹ̀ san tirẹ̀. Bí ó bá gba òmìnira láìmọ iṣẹ́, gbèsè ni ọ̀gá jẹ, orúkọ ọ̀gá náà ni a ó sì dá nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fa ọmọ kalẹ̀, ẹ má ṣe béèrè iye owó àti iye ọdún nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ yóò lè dá ṣe ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí yóò máa kọ́ ọ nígbà tí ọ̀gá bá lọ sóde. Ẹ̀yin ọ̀gá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ kò bá mọ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ wò, kí ẹ tó yẹ orí rẹ̀ wò.